Áńkáṣífù Funfun Verlon

“Verlon, kí ni irin yìí ń wá láàárín àwo pái mi?”

Verlon Stubblefield ti gbé kọfí dé ẹnu kó tó gbọ́ ìbéèrè yìí. Kò mu ún, kò sì gbé e sílẹ̀. Nelda, ìyàwó rẹ̀, dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, ooru ń rú jáde nínú rẹ̀, ó sì fi ìka méjì gbé irin dídán kan sókè bí ẹni mú ìrù eku.

“Irin wo?” ni Verlon béèrè, bíi pé irin pọ̀ níbẹ̀.

Irin sì pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Nelda na ọwọ́ síbi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí, ó fa irin kékeré méjì jáde, ó tún rí sípíríǹgì kan tó há sẹ́nu fọ́ọ̀kì. Ó tò wọ́n síwájú ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́bàá búrẹ́dì tó ń jẹ.

“Inú ìbọn rẹ nìyí,” ó ní. “Inú ìbọn lo fọ̀ pọ̀ mọ́ àwo tí mo fẹ́ fi gbé pái lọ síbi ìsìnkú.”

“Omi gbígbóná ni, Nelda. Omi gbígbóná àti ọṣẹ. Kí ló lè kù lára wọn?”

“Òjé ńkọ́? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé òjé wà nínú èédú ìbọn, pé kí n má fọwọ́ kàn án. Ṣé o fẹ́ kí ìjọ Onítẹ̀bọmi wá sìnkú Arábìnrin Maudine, kí gbogbo wọn sì tẹ̀lé e lọ ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n Verlon, ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì pọ̀ mọ́ kọfí. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n ti fẹ́ra, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣeré àti ìgbà tí wọn kì í ṣeré. Nelda kó àwo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde, ó tò wọ́n lé ara wọn, ó sì tì wọ́n síwájú rẹ̀.

“Tìrẹ ni. Máa kó ìṣó sí wọn. Láti òní lọ, ohunkóhun tó bá ti inú ìbọn jáde kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yìí mọ́. Ìwọ náà, bí o bá ti fọwọ́ kàn án, ìta ni kí o ti wẹ̀.”

“Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa dán wa wò, Nelda. Ọ̀tunla!”

“Kí wọ́n dán ọ wò níta.”

Verlon gbé àwo mẹ́jọ jáde, irin ìbọn rẹ̀ wà nínú àwo òkè bí ẹni gbé oúnjẹ lọ fún àlejò. Ó jókòó sí fàráńdà ẹ̀yìn, ó fa áńkáṣífù funfun yọ nínú àpò àyà rẹ̀, ó sì nu gbogbo irin náà láti orí dé ìdí. Áńkáṣífù funfun wọlé, áńkáṣífù funfun jáde. Ìyàwó rẹ̀ ń bínú, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n inú Verlon dùn. Láti ọdún tó ti ní ìbọn yẹn, kò mọ́ tó báyìí rí.

Kí á tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó lé e dé ìdí ẹ̀rọ ìfọ-abọ́.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Màmá Oleta Krenek ti fún Verlon ní kọ́kọ́rọ́ géètì oko ẹ̀pà rẹ̀. Ní Pruitt Gap níbí, bí o bá gbin ẹ̀pà lónìí, ẹlẹ́dẹ̀ igbó á wá hú u lọ́la. Ẹnìkan gbọdọ̀ máa yìnbọn sí wọn. Ṣùgbọ́n ilé adìẹ gígùn mẹ́ta wà lẹ́yìn ọgbà Màmá Oleta, ẹgbẹ̀rún méjìlá adìẹ tó ń yé ẹyin ló wà nínú wọn, bí àwọn adìẹ yìí bá sì gbọ́ ìbọn, gbogbo wọn á sá lọ sí igun kan, wọ́n á gun ara wọn pa. Nítorí náà, ìbọn tó bá máa wọ oko yẹn gbọdọ̀ ní agolo lẹ́nu. Agolo là ń pè é lọ́dọ̀ wa: páìpù nínípọn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kó lè máa gbé ariwo rẹ̀ mì.

Àmọ́ ohun tí agolo bá gbé mì kì í gbé ibẹ̀. Èéfín tí kò rọ́nà gba iwájú lọ á padà sẹ́yìn, á gba inú ìbọn, á sì fi èédú bo gbogbo irin tó ń lọ síwá sẹ́yìn níbẹ̀. Ìbọn tó ń ki ọta fúnra rẹ̀ ni èyí máa ń bá jà jù, nítorí inú rẹ̀ kì í sinmi. Ọgbọ̀n ọta péré pẹ̀lú agolo, o ó rò pé ẹnìkan fi ibẹ̀ dáná.

Verlon mọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń ṣe sí ìdọ̀tí: kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ta péré ló fi ṣe ọmọ ogun nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta náà kò tíì tán lára rẹ̀. Sájẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Pickrell máa ń fi áńkáṣífù funfun wé ìka, á tì í bọ inú ìbọn wọn láràárọ̀, ẹni tí áńkáṣífù bá sì dúdú níbọn rẹ̀ á sáré yípo pápá títí tí oúnjẹ àárọ̀ á fi tán. Sájẹ́ńtì yìí náà ló sọ pé ọ́ìlì ọ̀tá ìbọn ni, pé iyanrìn ló ń kó jọ. Verlon gbà á gbọ́ ju pásítọ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ojú tì í. Ẹlẹ́dẹ̀ bí ogún tú wọ inú ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, Màmá Oleta sì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wòran. Verlon yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣubú. Ó fa ìbọn lẹ́ẹ̀kejì, ìbọn ní “kà,” ó sì há. Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbá a nídìí, ó bẹ̀ ẹ́. Nítorí pé agolo ti gbé ariwo mì, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kò tilẹ̀ sá. Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ kan gbójú sókè, ó wo Verlon bí ó ti ń bá ìbọn jìjàkadì, ó sì dorí kodò padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Ebè mẹ́ta ni wọ́n jẹ kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ.

Lọ́jọ́ yẹn ni Màmá Oleta gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí Verlon gbé ìbọn rẹ̀ wá, kí Dwain Vrazel tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn náà gbé tirẹ̀ wá, kí òun fi ojú ara òun rí ìbọn tó lè ṣiṣẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ náà dun Verlon ju bí ó ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sí ibì kankan mọ́ tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, àfi oko ẹ̀pà yẹn. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, tí fóònù bá dún, tí Màmá Oleta bá ní “Wọ́n ti dé o,” ara rẹ̀ á yá gágá. Bí kọ́kọ́rọ́ náà bá lọ sọ́dọ̀ Dwain, kí ló kù? Kó máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Nelda lé e síta yẹn, ó lọ ra oúnjẹ ajá ní ṣọ́ọ̀bù Dwain, ṣọ́ọ̀bù mìíràn kò sì sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Dwain, ó sanra, ara rẹ̀ balẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sáré lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ káàsán o, Ọ̀gá Verlon. Ìbọn yín ńkọ́?”

“Ó mọ́.”

“Mi ò béèrè bóyá ó mọ́, sà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Èyí tó bá mọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Tìrẹ ńkọ́? Ìgbà wo lo fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?”

Dwain họ orí. “Ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún màmá mi ni… àbí ọdún tó tẹ̀lé e?”

Ara Verlon ṣe gìrì.

“Ẹ gbọ́ tèmi, sà,” ni Dwain ní, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti káńtà. “Èédú kọ́ ló ń mú ìbọn há, gbígbẹ ni. Èédú tó bá rin á máa yọ̀. Èédú tó bá gbẹ á di símẹ́ńtì. Níwọ̀n ìgbà tí agolo bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì rin ín. Nígbà tí ẹ bá rò pé ó ti tó, ẹ tún fi rin ín.”

“Iyanrìn ìlú yìí ńkọ́? Ṣé kò ní lẹ̀ mọ́ ọn?”

“Ẹ ó fi ọ́ìlì mìíràn ṣàn án kúrò.”

“Ọmọ yìí, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń di ojú mi tú ìbọn palẹ̀.”

“Òótọ́ ni, sà. Ṣé ìbọn ìgbà yẹn ní agolo lẹ́nu?”

Verlon kọ ẹ̀yìn sí i. Ó fi ìbínú jáde, ó dé ìdí ọkọ̀ kó tó rántí pé òun kò gbé oúnjẹ ajá tí òun tìtorí rẹ̀ wá. Ó padà wọlé. Dwain ti gbé e sórí káńtà dè é, kò sì rẹ́rìn-ín rárá, èyí ló dun Verlon jù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó jókòó sí fàráńdà láti àárọ̀. Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí dókítà eyín rẹ̀ fún un, òun ló fi ń ha gbogbo kọ̀rọ̀ ìbọn bí ẹni ń ha eyín ọba. Ojú fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Nelda ti ń ránṣọ. Aṣọ ìbora alábùlẹ̀ ni Nelda ń rán, ó ti gba ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà níbi ìpàtẹ ọdọọdún. Kó tó jókòó ti máṣíìnì, ó gbé ìgò ọ́ìlì kékeré kan, ó kán ẹ̀kán méjì síbí, ẹ̀kán kan sọ́hùn-ún, ó sì fi ọwọ́ yí àgbá máṣíìnì náà lẹ́ẹ̀mejì. Verlon bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ti ń rí i láràárọ̀. Ó dorí kodò, ó ń ha ìbọn lọ.

“Kò tíì tó?” ni Nelda béèrè láti ojú fèrèsé. “Ó ti mọ́ ju abọ́ mi lọ.”

“Abọ́ wo?”

“Èyí tí o bà jẹ́. Verlon, àṣejù, baba àṣetẹ́ ni o.”

“Sájẹ́ńtì Pickrell kò ní gbà pẹ̀lú rẹ.”

“Ṣé Sájẹ́ńtì Pickrell ló ń se oúnjẹ fún ọ ni?”

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, Nelda gbé àga kíká méjì àti tíì oníyìnyín sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé àpò ìránṣọ rẹ̀ dání, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ní òun kàn fẹ́ gba atẹ́gùn ni.

Màmá Oleta ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ó dé fìlà koríko, ó jókòó sínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta. Okùn pupa kan wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ géètì sì ń fì lójú okùn náà. Verlon wo kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó tún wo ilẹ̀.

“Ẹ gbọ́,” ni Màmá Oleta ní. “Igba ọta lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, agolo lẹ́nu ìbọn. Irin tó wà lára òkìtì yẹn ni kí ẹ máa yìn. Bó bà á, bí kò bà á, ìyẹn kò kàn mí, mo mọ̀ pé ẹ lè yìnbọn. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá há lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa lọ sílé. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kò bi mí bóyá ìbọn ń há kí wọ́n tó jẹ ẹ̀pà mi.”

Dwain ló kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ìbọn rẹ̀ dúdú, ó ń kán ọ́ìlì sórí tábìlì bí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. Ó di gíláàsì mọ́jú, ó ki ọta bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Agolo ń ṣiṣẹ́ rẹ̀: ìró ìbọn náà kò ju ti ẹni tó ń fi pákó gbá pákó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yìn ín, ọ́ìlì àti èédú á ta padà bá a lójú. Nígbà tó fi máa yin ọgọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ ti dà bí ìdí ìkòkò. Ó ń wúkọ́, ó ń yìn, ó ń wúkọ́, ó ń yìn, igba pé, ìbọn kò há lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ihò funfun méjì sì yọ lójú rẹ̀.

“Ta nìyí?” ni Màmá Oleta béèrè.

“Èmi ni, Màmá.”

“Lọ mu omi.”

Ó kan Verlon. Ó yọ áńkáṣífù funfun rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì gbé ìbọn lé e. Ìbọn náà ń dán lójú oòrùn bí ohun ọ̀ṣọ́. Ó wo Dwain, bíi kó ní “Báyìí ni wọ́n ń ṣe é,” ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọta àkọ́kọ́ dára. Kò sí ohun tó ta sí i lójú, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, irùngbọ̀n òkè ètè rẹ̀ funfun bó ti wà. Nígbà tó dé ogójì, irin inú ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í fà díẹ̀. Nelda, tó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ lórí àga rẹ̀, dá abẹ́rẹ́ dúró, ó sì tẹ́tí. Ní ọta kẹtàlélọ́gọ́ta, ìbọn ní “kà.”

“Ọ̀kan,” ni Màmá Oleta ní.

Verlon kọ ẹnu ìbọn sí òkìtì, ó yọ àpótí ọta, ó fà á títí èèpo ọta tó há fi jáde. Irin náà gbóná, ó gbẹ, èédú ti gbá mọ́ ọn gbági. Ó fi áńkáṣífù nù ún, áńkáṣífù dúdú, ó sì di gbogbo rẹ̀ padà. Ọta mẹ́jọ péré ló tún yìn.

“Kà.”

“Méjì,” ni Màmá Oleta ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, nítorí kì í ṣe òǹrorò ènìyàn.

Ó ṣẹ́ku ẹ̀ẹ̀kan, ó sì ṣẹ́ku ọta tó lé lọ́gọ́fà, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí kò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ẹ̀rù ba Verlon gidigidi.

“Verlon,” ni Nelda pè é.

“Kì í ṣe ìsinsìnyí, Nelda.”

“Máṣíìnì mi máa ń ké báyìí kó tó dúró. Láti ìgbà tó o ti yin bí ogójì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.” Ó ti yọ ìgò ọ́ìlì kékeré yẹn nínú àpò ìránṣọ rẹ̀.

“Ìbọn kì í ṣe máṣíìnì ìránṣọ.”

“Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Irin ń lọ, irin ń bọ̀. Ọ̀kan ń gún aṣọ, ìkejì ń gún ẹlẹ́dẹ̀. Àti pé èmi kò tíì sọ máṣíìnì tèmi sínú ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ rí.”

Dwain gbé ike omi kúrò lẹ́nu.

“Sínú kí ni?” ó béèrè.

Màmá Oleta tẹ̀ síwájú nínú ọkọ̀ rẹ̀. “Verlon Stubblefield, o fọ ìbọn pọ̀ mọ́ abọ́?”

“Pẹ̀lú ọṣẹ olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́, mà,” ni Nelda fi kún un. “Ọṣẹ tó ń bó ọ̀rá ẹran ọjọ́ mẹ́ta kúrò lára páànù. Ọ̀rá wo ló máa kù lára irin yẹn?”

Dwain yí ẹ̀yìn padà, ó ń wo ojú ọ̀run. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Ojú ti Verlon. Ó rí Sájẹ́ńtì Pickrell lọ́kàn rẹ̀, ó rí i pẹ̀lú ìka funfun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, àti fóònù tí kò ní dún. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n bí ọgbọ́n náà bá ti ẹnu ìyàwó ẹni wá, níwájú ènìyàn, kì í rọrùn láti gbà.

“Gbé e wá,” ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Kí lo wí?”

“O gbọ́ mi, Nelda.”

“Atẹ́gùn ń fẹ́.”

“Mo ní, jọ̀wọ́, bá mi gbé ọ́ìlì máṣíìnì rẹ wá!”

Nelda dìde, kò sáré. Verlon ti yọ ọta kúrò, ó ṣí inú ìbọn sílẹ̀ fún un. Obìnrin náà wọ gíláàsì ìkàwé rẹ̀, ó wo inú ibẹ̀ bó ti máa ń wo inú máṣíìnì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán an síbi tí irin ti ń fara kan irin.

“Ẹ̀kán mélòó?” ni Verlon béèrè.

“Títí á fi yọ̀. Fà á. Tún fà á. Ṣé o gbọ́ ọ? Kò ké mọ́.”

Ìdajì ìgò ló dà sí i. Verlon fi ìbọn sí èjìká, ó ki ọta, ó fà á. Ìbọn ró, ọ́ìlì òun èédú sì fò padà, ó bà á lágbárí. Ó tún yìn ín, ó gba tirẹ̀ lẹ́nu. Irùngbọ̀n funfun rẹ̀ di dúdú, ó padà di ọ̀dọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó dé ọgọ́rùn-ún, ó ti dẹ́kun ìkùnsínú, nígbà tó di àádọ́jọ ó ti ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, nítorí irin náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni ń ránṣọ. Nígbà tí igba pé, kò sí adìẹ kan nínú ẹgbẹ̀rún méjìlá tó sọ pé “kwẹ́.”

“Ìbọn méjèèjì ṣiṣẹ́ tán,” ni Màmá Oleta ní. Ó bọ́ okùn pupa kúrò lọ́rùn. Verlon nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ṣòkòtò, ó bọ́ síwájú. Màmá Oleta kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi okùn náà bọ Nelda lọ́rùn.

“Èmi kẹ̀?” ni Nelda ní. “Mà, mi ò yin ìbọn rí láyé mi!”

“Àwọn tó ń yìnbọn pọ̀ ní àgbègbè yìí. Ẹni tó ń gbọ́ ohun tí irin ń sọ ni kò pọ̀.”

“Màmá, èmi ńkọ́?” ni Dwain ní. “Tèmi ò há rárá o!”

“Ìwọ náà, bá Nelda sọ̀rọ̀.”

Nígbà tí wọ́n padà délé, Nelda wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì. Verlon kò bá a jiyàn. Ó fi omi ẹnu rọ́bà ìbomirin wẹ ojú àti ọwọ́ níta pẹ̀lú ọṣẹ, lẹ́yìn náà ó jókòó sí fàráńdà, ó tú ìbọn palẹ̀ sínú àwo pái. Irin tó ń dán bíi dígí lánàá ti dúdú kirimú. Èédú ti gbá mọ́ ìdí rẹ̀, níbi kọ̀rọ̀ kan tí irin dókítà eyín dára fún jù lọ.

Ó gbé irin dókítà eyín. Ó gbé e dé ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Lẹ́yìn náà ó dá irin náà padà sínú àwo, ó fi àkísà nu ọ́ìlì tó ti gbó kúrò lẹ́ẹ̀kan péré, ó mú ìgò Nelda, ó kán ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ síbi gbogbo títí irin fi ń yọ̀ lábẹ́ ìka, ó sì to ìbọn náà padà pẹ̀lú èédú rẹ̀.

“Nelda, mo ti parí.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé,” ni ohùn kan ní láti inú ilé. “Kí lo bà jẹ́?”

Ó jáde wá. Áńkáṣífù tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ó fi wé ìka, ó sì tì í bọ inú ìbọn. Verlon kò mọ ìgbà tí òun dìde dúró ṣánṣán, tí ọwọ́ òun méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìhà. Áńkáṣífù náà jáde, ó dúdú, ó rin gbindin. Nelda gbé e sójú oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

“Ó yege,” ó ní.

Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó sì fi lé e lọ́wọ́. “Màmá Oleta ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti wà lẹ́bàá odò. Pe Dwain kí ẹ jọ lọ, kó tún má lọ máa sunkún káàkiri ìlú. Bí o bá dé, mú kọ́kọ́rọ́ mi wá fún mi kí o tó jẹun.”

“Kọ́kọ́rọ́ rẹ.”

“Kọ́kọ́rọ́ mi.”

Verlon ká áńkáṣífù dúdú náà dáadáa, ó fi sínú àpò àyà rẹ̀, níbi tí funfun máa ń wà. Ó gbé ìbọn, ó dé ìdí ọkọ̀, ó dúró. Ó padà wá sí ẹnu ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì.

“Nelda. Ọ́ìlì yẹn ti tán. Ṣé o ní ìgò mìíràn tí o lè fún mi?”

Nelda kò bojú wẹ̀yìn, ó ti ń lọ sídìí máṣíìnì rẹ̀.

“Wo inú àpótí iwájú ọkọ̀ rẹ,” ó ní. “Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti fi síbẹ̀.”